Bí A Ṣe Ń Ra Ọkọ̀ Àlòkù ní Gbàǹjo Àwọn Dílà ní Amẹ́ríkà

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ẹ ń rí níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn dílà ní Houston, ní Atlanta tàbí ní Maryland ló ti gba gbàǹjo kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Dílà náà rà á níbi tí ará ìta kò lè wọ̀, ó tún un ṣe, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó lé èrè lé e, ó sì gbé e síta. Èrò tó máa ń wá sọ́kàn wa ni pé bí a bá lè dé ibi tí dílà ti rà á, èrè náà yóò di tiwa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tó wà láàrin iye tí wọ́n lu ọkọ̀ ní gbàǹjo àti iye tí wọ́n kọ sí gíláàsì rẹ̀ ni èrè. Apá kan jẹ́ owó iṣẹ́, apá kan sì jẹ́ owó ewu. Dílà mọ̀ pé bí òun bá ra ọkọ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan tàbí méjì lè já òun kulẹ̀, àwọn mẹ́jọ tó kù yóò sì bá òun san gbèsè wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo kò ní mẹ́jọ tó máa san gbèsè fún yín. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí ẹ ṣe lè mú kí ewu orí ẹyọ kan yẹn kéré tó bí ó ti lè kéré mọ.

Gbàǹjo wo ni à ń sọ?

Àwọn èèyàn wa máa ń pa oríṣi gbàǹjo méjì pọ̀ mọ́ra wọn, àṣìṣe náà sì máa ń náni lówó. Oríṣi kìíní ni gbàǹjo àwọn dílà gan-an. Manheim ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Manheim ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. ADESA náà wà níbẹ̀, àwọn kéékèèké tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá sì wà káàkiri. Ọkọ̀ tó ń rìn, tí ìwé rẹ̀ mọ́, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oríṣi kejì ni gbàǹjo àwọn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti sanwó wọn tán nítorí jàǹbá, omi tàbí olè, irú èyí tí Copart àti IAA ń ṣe. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe ní Èkó ti ń wá. Bí wọ́n bá kọ «Run and Drive» sára ọkọ̀ ní Copart, ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé nígbà tí ọkọ̀ náà dé ọgbà wọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí, ó wọ gíà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sún síwájú. Kò túmọ̀ sí pé ó lè gbé yín dé ilé. Oríṣi kìíní ni mo ń kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín.

Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá kó tó dé gbàǹjo náà. Àwọn kan jẹ́ ọkọ̀ tí èèyàn yá lò fún ọdún mẹ́ta tó sì dá padà. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé máìlì wọn kì í sábà pọ̀, ẹni tó yá a sì mọ̀ pé òun máa sanwó ohun tí òun bá bàjẹ́. Àwọn kan wá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà. Máìlì wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ọ̀lì wọn lásìkò. Àwọn kan ni bánkì gbà lọ́wọ́ onígbèsè, ẹ sì ní láti ṣọ́ra fún irú ìwọ̀nyí, nítorí ẹni tí kò rí owó oṣooṣù san kò ní ráyè ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó kù jẹ́ èyí tí oníbàárà fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ dílà, tí dílà náà kò sì fẹ́ tà á fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó mọ ọkọ̀ jù yín lọ fi ń lé e jáde.

Ẹ wá ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀

Kò sí àbùjá níbí. Láìsí láísẹ́ǹsì dílà, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ ra nǹkan kan ní gbàǹjo yìí. Ní Texas, níbi tí mò ń gbé, GDN ni wọ́n ń pe láísẹ́ǹsì náà. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì tòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé onídùúró 50,000 dọ́là, kí àwọn oníbàárà tó bá rẹ́ jẹ lè rí nǹkan gbà padà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gba káàdì AuctionACCESS tí wọ́n fi ń wọlé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa yá yín ní káàdì òun fún ọ̀sán kan, ẹ kọ̀. Kò bófin mu, ẹ ò sì ní ní ẹ̀tọ́ kankan bí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí dílà náà fi orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ra ọkọ̀, kó sì tà á fún yín gẹ́gẹ́ bó ṣe máa tà á fún oníbàárà èyíkéyìí, pẹ̀lú rìsíìtì, ìwé ọkọ̀ àti owó orí. Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ owó, ẹ lọ sórí íkànnì ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bóyá láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àti bóyá wọ́n ti bá a ṣẹjọ́ rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní kọjá lórí rẹ̀.

Èyí tó le fún wa ni àdéhùn kíkọ. Dílà náà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tàbí ọmọ ìlú yín, ojú a sì máa tì yín láti gbé bébà síwájú rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí èmi má baà gbàgbé.» Mi ò tíì rí dílà gidi kan tó bínú sí i. Kí ìwé náà sọ iye tí ẹ máa san fún un, kó sì jẹ́ iye kan pàtó, kì í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí bí ó bá jẹ́ ìdá, bí owó ọkọ̀ bá ṣe ń lọ sókè ni tirẹ̀ náà ń lọ sókè. Kó sọ iye tó ga jù tí ó lè pè láìtún bi yín. Kó sọ ẹni tó máa ru ẹrù náà bí ọkọ̀ bá ní àrùn tí gbàǹjo kọ̀ láti gbà padà. Kó sì sọ ọjọ́ tí ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́. Owó tí ẹ bá san, àpò ilé-iṣẹ́ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe àpò ara rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀yìn

Ẹni tó bá wọ gbàǹjo láìmọ iye tó ga jù tí òun lè pè yóò pe iye tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bá sọ fún un. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ náà gan-an ní àdúgbò, pẹ̀lú ọdún kan náà àti máìlì tó jọra, kí n tó máa yọ owó kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Toyota Camry kan ṣe àpẹẹrẹ, kí iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 14,000 dọ́là. Gbàǹjo fúnra rẹ̀ máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó rà, owó náà sì ń pọ̀ sí i bí iye ọkọ̀ bá ti pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 450 dọ́là. Dílà yín gba 500. Àyẹ̀wò lẹ́yìn títà gba 150. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá gba 200. Ẹ fi 1,000 dọ́là sílẹ̀ fún táyà, bíréèkì àti ohun tí ojú kò tíì rí. Kò sí ọkọ̀ gbàǹjo tí kì í béèrè nǹkan kan láàrin oṣù àkọ́kọ́. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,300, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá lu ọkọ̀ náà fún 11,700 dọ́là, ẹ ò jèrè kọ́bọ̀; ẹ kàn ti ra ọkọ̀ tí kò ní wáráńtì ní iye ṣọ́ọ̀bù ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wàhálà náà mú 1,500 dọ́là bọ̀, 10,200 ni ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dúró. Mi ò ka owó orí mọ́ ọn, nítorí pé ẹ máa san án níbikíbi tí ẹ bá ti rà á. Ní Texas, 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí dílà yín fi iye MMR hàn yín. Ìṣirò tí Manheim ń ṣe láti inú iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ ní gbàǹjo wọn ni, àwọn dílà nìkan ló sì lè rí i. Bí MMR bá ju iye tí ìṣirò yín ní kí ọwọ́ yín dúró sí lọ, kò sí ìrètí fún irú ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wá irú mìíràn. Láti inú ìrírí mi, èrè inú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wá, Corolla, Camry, CR-V, máa ń tín-ín-rín, nítorí pé àwọn tó ń kó ọkọ̀ lọ sí Èkó àti Kútọnu náà dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ olóyè ilẹ̀ Jámánì tí wáráńtì rẹ̀ ti tán ló máa ń wọ́n kéré jù sí iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ gbàǹjo fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn láti fọwọ́ kàn án.

Ìwé àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, àti nọ́ńbà VIN

Kí ọjọ́ títà tó pé, gbàǹjo máa ń gbé orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó máa kọjá jáde. Ẹ yan márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ má yan ẹyọ kan, nítorí ẹni tó bá ti fẹ́ràn ẹyọ kan ṣáájú kì í rí àléébù rẹ̀ mọ́. VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ àmì 17. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, ìkẹwàá sì ló ń sọ ọdún tí wọ́n pè é: H jẹ́ 2017, J jẹ́ 2018.

Ẹ fi VIN náà wo íkànnì NICB, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń gbógun ti olè ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti máa sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti jí ọkọ̀ náà tí wọn kò tíì rí i gbà padà, tàbí bí ìnṣọ́ránsì bá ti pa á tì. Ẹ wo ti NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, bóyá iṣẹ́ kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e lọ ṣe. Lẹ́yìn náà ni Carfax tàbí AutoCheck, àwọn tó ń ta ìwé ìtàn ọkọ̀; dílà yín lè ti ní ànfààní sí i. Ẹ rántí pé ohun tí wọ́n bá fi tó wọn létí nìkan ló wà nínú ìwé wọn. Ẹni tó fi ọkọ̀ gbá ògiri tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́lì-bítà lábẹ́lẹ̀ kò sí nínú Carfax.

Èyí tí mo máa ń fara balẹ̀ kà jù ni ìrìn àjò ìwé ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Omi ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní Houston níbí, ti Ian sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Florida ní ọdún 2022. Ọkọ̀ tó wà ní Fort Myers ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí ìwé rẹ̀ wá kúrò ní Florida lọ sí ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà ní ìparí ọdún náà, kò túmọ̀ sí pé omi wọ inú rẹ̀ dandan, àmọ́ ó di dandan kí ẹ wá omi náà.

Ọjọ́ tó ṣáájú títà: ẹ fi ọwọ́ kan ọkọ̀

Bí ohun gbogbo bá fẹ́ kánjú, ẹ má jẹ́ kí ìpele yìí kánjú. Ẹ béèrè bóyá gbàǹjo náà ń jẹ́ kí dílà mú ẹnì kan dání. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Bí wọn kò bá gbà, ẹ san owó fún dílà yín tàbí mẹ́káníìkì rẹ̀ pé kó lọ wò ó, kí ó sì ya àwòrán ibi tí ẹ bá dárúkọ. Ìwé àyẹ̀wò tí gbàǹjo ń kọ, tó ń fún ọkọ̀ ní máàkì láti orí òfo dé márùn-ún, wúlò fún ara ọkọ̀, fún ọ̀dà àti ìhò. Kò sọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ kọ́kọ́ gbé imú wọlé kí ẹ tó gbé ojú wọlé. Ẹ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ti tì mọ́jú, kí ẹ sì mí sínú. Mo rántí Camry dúdú kan tí òórùn lọ́fínńdà gba inú rẹ̀ kan bí ẹni pé wọ́n da ìgò kan sí i. Àga mọ́, kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde títí tó fi tán. Ibi tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fà dé, ní àbàwọ́n ilẹ̀ pupa tó dúró ní ìlà gbọọrọ kan, bí àmì tí omi máa ń fi sára ògiri. Mo tan iná fóònù sí abẹ́ àga awakọ̀, mo sì rí ìpẹtà lórí irin tó ń gbé àga síwá-sẹ́yìn. Lórí ìwé, ọkọ̀ náà kò ní àléébù kankan. Bẹ́líìtì, irin abẹ́ àga, ibi tí táyà àpamọ́ ń sùn sí nínú búùtù àti ẹ̀yìn iná iwájú ni ibi mẹ́rin tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ omi kì í rántí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá ọkọ̀ ti gbá nǹkan. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó de bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ́ iwájú: bí ọ̀dà orí wọn bá ti họ, ẹnì kan ti tú u rí. Gbogbo gíláàsì ọkọ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é máa ń wà lára rẹ̀; bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kù jẹ́ ọdún. Táyà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò bára mu lórí ọkọ̀ tí wọ́n ní máìlì rẹ̀ kò tó 20,000 jẹ́ ìbéèrè tó yẹ kí a dáhùn.

Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná áábàgì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá kú, nǹkan bàjẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnì kan lè ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù dání, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD lábẹ́ sítíárìn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò náà. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kí ẹ wò. Ẹ wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé wọn kò tíì parí, tí kò sì sí kóòdù kankan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí yọ orí bátìrì láàárọ̀ yẹn.

Bí ẹ bá lè tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ẹ tàn án nígbà náà. Ariwo tó máa fi ìṣẹ́jú kan kígbe kó tó dákẹ́, èéfín búlúù láti inú sàléńsà, gíà tó ń lọ́ra kó tó wọ ẹ̀yìn: ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́.

Lójú títà

Àwọn ọkọ̀ ń wọlé ní ìlà ìlà, ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́, onígbàǹjo sì ń sáré pe owó lókè débi pé etí tí kò bá mọ́ ọn kò lè yà á sọ́tọ̀. Ọkọ̀ kan kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó di ti ẹnì kan. Lókè orí onígbàǹjo ni iná aláwọ̀ wà, iná yìí sì ni àdéhùn yín pẹ̀lú ẹni tó ń tà. Iná ewé túmọ̀ sí pé ẹni tó ń tà á dúró lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, gíà àti àwọn ẹ̀yà ńlá mìíràn gẹ́gẹ́ bí òfin gbàǹjo náà ti là á. Iná yẹ́lò túmọ̀ sí pé ìkéde kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́. Iná pupa ni «bó ṣe wà ni mo ṣe tà á». Iná búlúù sọ pé ìwé ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Fún ẹni tó ń ra ẹyọ kan, mo gbà yín nímọ̀ràn láti dúró sí abẹ́ iná ewé nìkan, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ ga.

Yẹ́lò ló kọ́ mi. Jíìpù kan ni, 6,900 dọ́là, mo sì wà lórí fóònù pẹ̀lú dílà mi bó ṣe ń kọjá. Ara rẹ̀ dára, mo ti rí àwòrán rẹ̀, ọkàn mi sì ti kúrò níbi ìkéde. Onígbàǹjo sọ ọ̀rọ̀ méjì péré nípa gíà rẹ̀. Dílà mi rò pé mo gbọ́, èmi náà rò pé bí ó bá ṣe pàtàkì yóò tún un sọ. Bí mo ṣe ń wà á lọ sílé, ó ń yọ̀ kúrò ní gíà kẹta. Gíà mìíràn ná mi ní 3,400 dọ́là. Nígbà tí a gbé ẹjọ́ padà lọ, wọ́n fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ hàn wá, ọ̀rọ̀ méjì náà sì wà níbẹ̀ kedere. Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí dílà mi tún ìkéde pè sí mi létí kí ọwọ́ rẹ̀ tó gòkè, bí ọkọ̀ náà bá sì kọjá kó tó pè é tán, kó kọjá.

Tí ẹni tó ń tà bá ní iye kan lọ́kàn tí owó kò dé, wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ náà di «if»: ẹ ti pe owó tó ga jù, àmọ́ ẹni tó ni ín ṣì fẹ́ rò ó. Wọ́n máa pe dílà yín kó lé díẹ̀ sí i. Ìwé ìṣirò yín ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu onígbàǹjo.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lù ú

Ẹ san owó àyẹ̀wò lẹ́yìn títà, tí wọ́n ń pè ní PSI, kíákíá. Àwọn òṣìṣẹ́ gbàǹjo fúnra wọn ló máa wa ọkọ̀ náà tí wọ́n á sì yẹ irin abẹ́ rẹ̀ wò; bí wọ́n bá rí ohun tí iná ewé dáàbò bò, wọ́n á tú ọjà náà ká. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ ẹjọ́ yín, ìyẹn àyè láti fi àléébù ọkọ̀ sun gbàǹjo, máa parí kí ọkọ̀ tó jáde, nítorí fún àwọn àléébù kan, ọjọ́ títà náà ni gbogbo àkókò tí ẹ ní. Àléébù tí owó àtúnṣe rẹ̀ kò tó iye kan kò ní ẹjọ́ rárá. Owó gbọ́dọ̀ wọlé lásìkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn àti owó ààyè ìgbọ́kọ̀sí yóò máa ka.

Nípa ìwé, ẹ̀yìn ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti ọwọ́ ẹni tó ni ín dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ dílà yín, kó tó dé ọwọ́ yín. Bí dílà bá ní òun máa fo orúkọ òun, kí ó lè dà bí ẹni pé ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ẹ má gbà, ìrúfin ni. Ẹ gba ìwé tó sọ iye máìlì, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ béèrè fún ọkọ̀ ọdún 2011 sókè títí tí yóò fi pé 20 ọdún. Dílà náà gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé «Buyers Guide» tó ń sọ bóyá wáráńtì wà tàbí kò sí.

Àwọn kan máa ń rò pé nígbà tí ọ̀nà ti là, àwọn lè máa rà kí àwọn sì máa tà. Ní Texas, ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ ta ju ọkọ̀ 4 lọ láàrin ọdún kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ kó tó tà wọ́n.

Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ sí ilé

Ẹ ṣírò ti Nàìjíríà kí ẹ tó pe owó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí wọ́n ṣe é. Láti ọdún 2022 ni wọ́n sì ti ń fi nọ́ńbà VIN dá iye owó ibodè lé ọkọ̀, nítorí náà rìsíìtì gbàǹjo tó kéré kò dín in kù dandan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, wọn kò gbà kí ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń ronú gbàǹjo tiyín, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Nàìjíríà ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì wọlé.

Ní ti Amẹ́ríkà níbí, ojúlówó ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè wọn ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra, bákan náà bí ẹ bá ń kó o láti Galveston tàbí láti Baltimore. Ọkọ̀ tí ẹ rà lábẹ́ iná búlúù lè dúró lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìní ìwé yìí, owó ààyè á sì máa gorí owó ààyè. Nítorí náà, ẹ má ṣe san owó ọkọ̀ ojú omi fún ẹnikẹ́ni títí ìwé náà yóò fi wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú VIN tí ẹ ti fi ojú ara yín bá èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ wé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.